Ọwọ́ Tí Kò Mọ Ohun Tó Dì Mú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìka ọmọ ènìyàn lè ṣe, kó wo fìlà tí wọ́n ń fọwọ́ rán ní Maiduguri. Fìlà Zanna ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ Zanna Bukar Dipcharima ló mọ́ ọn lára, ọmọ Borno tó ṣe mínísítà nínú ìjọba àpapọ̀ kí àwọn ológun tó gbàjọba, tó sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú lọ́dún 1969. Aṣọ òwú ìlọ́po méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Lọ́kùnrin lóbìnrin ló ń rán an, lórí ẹní nínú ilé, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, láìsí ẹ̀rọ kankan. Abẹ́rẹ́ á gba òkè wọlé, á gba ìsàlẹ̀ jáde, ihò wínníwínní á máa tò lára aṣọ, ọnà á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá dára gidi lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, òmíràn á gba oṣù. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ọwọ́ méjèèjì lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ọ̀tún fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú abẹ́rẹ́, ìka àárín sì ń tì í láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì wà lábẹ́ aṣọ, ó tẹ̀ ní ọrùn, ó na aṣọ náà le, ó ń dúró de ṣóńṣó abẹ́rẹ́ níbi tí ojú kò lè dé. Ìka tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn kò rí nǹkan kan. Bí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ bá ti kan awọ rẹ̀ báyìí ló ti mọ ibi tó yẹ kó darí rẹ̀ gbà padà sókè. Àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́ jù lọ, iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo ló ń gbé ìròyìn wọn lọ sí ọpọlọ, ọ̀nà kan tó há gádígádí ní ọrùn ọwọ́ ni iṣan náà sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí ọ̀nà náà bá fún iṣan yìí, àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní carpal tunnel syndrome ti dé nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé agbára kọ́ ni àìsàn yìí ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ìmọ̀lára ló ń kọ́kọ́ gbà. Nítorí pé agbára ni gbogbo wa ń wò, ó máa ń pẹ́ kí a tó dá a mọ̀, a sì máa ń fojú kékeré wò ó.

Eegun kéékèèké mẹ́jọ ló tò sí ọrùn ọwọ́ ní ìlà méjì, wọ́n sì tẹ̀ kọ́rọ́ láàárín. Ẹran líle kan tó nípọn ló na láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, tó bo kòtò náà mọ́lẹ̀. Eegun nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran líle lókè: ọ̀nà tí kò lè fẹ̀ sí i nìyẹn, kò sì gbòòrò ju àtàǹpàkò lọ. Okùn iṣan mẹ́sàn-án tó ń ká ìka wọnú ló ń gba ibẹ̀, méjì méjì fún ìka mẹ́rin, ẹyọ kan fún àtàǹpàkò. Iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n ń pè ní median ni ìkẹwàá wọn, òun ló sì rọ̀ jù. Bí ara àwọn okùn iṣan bá wú, bí omi bá dúró sára bó ti máa ń rí fún aboyún, bí eegun ọrùn ọwọ́ bá ti kán rí tí kò sì jinná gún, median ni ìyà ń jẹ. Lọ́dún 1981, dókítà Gelberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde níbi tí wọ́n ti wọn ìfúnpá inú ọ̀nà yìí gan-an, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ọrùn ọwọ́ bá wà ní títọ́, 2.5 ni ìpíndọ́gba rẹ̀ lára àwọn tí ara wọn le, 32 ni lára àwọn aláìsàn. Nígbà tí àwọn aláìsàn tẹ ọrùn ọwọ́ wọnú, ó gòkè dé 94. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó di 110. Kódà lára ẹni tí ara rẹ̀ le, títẹ ọrùn ọwọ́ nìkan ti tó láti gbé e kúrò ní 2.5 dé nǹkan bí 30. Ìfúnpá tó bẹ́ẹ̀ ń dí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó bọ́ iṣan lọ́nà, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì lè gbé ìròyìn kankan. Ọwọ́ òsì aránfìlà, tó tẹ̀ lábẹ́ aṣọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wà nínú ipò tí àwọn ìṣirò yìí ń sọ.

Síbẹ̀, òru ni àìsàn náà ti máa ń kọ́kọ́ fara hàn, kì í ṣe ẹnu iṣẹ́. Ẹni tó sùn kò mọ bí ọrùn ọwọ́ òun ṣe ká. Ó lè tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìrọ̀rí tàbí sábẹ́ àgbọ̀n fún wákàtí mẹ́ta. Á jí láàárín òru, ọwọ́ á ti kú, á máa ta wìnnìwìnnì, á máa jó bí ẹni fi ata pa á. Á jù ú síwá sẹ́yìn, á gbọ̀n ọ́n, á fi í rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á rọlẹ̀, á sì padà sùn. Ní Boston lọ́dún 1880 ni James Jackson Putnam ti kọ̀wé nípa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ wọn ń kú lóru, tí gbígbọ̀n rẹ̀ tàbí fífi í rọ̀ sì ń tù ú. Títí di òní, gbígbọ̀n ọwọ́ lóru wà lára àmì tí dókítà máa ń béèrè. Àmì méjì mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni lè fúnra rẹ̀ wò nínú ilé. Èkíní ni ọmọńdinrín, ìka tó kéré jù: median kò dé ibẹ̀, nítorí náà bí ìka mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ń kú tí ọmọńdinrín sì gbádùn, ọrùn ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ìka òrùka máa ń pín sí méjì, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìka àárín á kú, ẹ̀gbẹ́ kejì á wà láàyè. Èkejì ni àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀ka tó ń gbé ìmọ̀lára àtẹ́lẹwọ́ ti yà kúrò lára median kó tó dé ọ̀nà tóóró náà, orí rẹ̀ ló gbà kọjá, ìyẹn ni àtẹ́lẹwọ́ fi máa ń gbọ́ ìfọwọ́kàn dáadáa nígbà tí orí ìka ti kú.

Bí ọ̀sán bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí òru, ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ ni pé nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ aláìsàn: ife tíì, fóònù, abọ́, búútà àlùwàlá. Àwọn ará ilé á ní ọwọ́ ti rọ. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu lójú, ṣùgbọ́n ìwádìí kò gbè é. Roland Johansson àti Göran Westling, ní yunifásítì Umeå ní Sweden, fi bí ọwọ́ ṣe ń di nǹkan mú hàn nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1984. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá gbé ohun kékeré kan sókè. Nígbà mìíràn ara ohun náà dán bí aṣọ sílíkì, nígbà mìíràn ó le gbàràgbàrà bíi pépà tí káfíńtà fi ń họ igi. Láìronú sí i àti láìwò ó, ìka ń tẹ èyí tó dán mọ́ra ju èyí tó le gbàràgbàrà lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré ló fi ń ju ohun tó tó láti má jẹ́ kó yọ̀. Bó bá fẹ́ yọ̀, ìka á ti tún mú un le kí onítọ̀hún tó mọ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n wá gún ìka lábẹ́rẹ́ akunra, ọgbọ́n yìí pòórá, bẹ́ẹ̀ sì ni agbára ọwọ́ kò yí padà. Johansson àti Vallbo ti ṣírò rẹ̀ ṣáájú, lọ́dún 1979, pé nǹkan bí 17,000 ẹ̀yà tíntìntín tó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn ló wà nínú awọ inú ọwọ́ kan, orí ìka ni wọ́n sì pọ̀ sí jù lọ. Ìròyìn pé ife ń yọ̀ ni kò dé ọpọlọ aláìsàn yìí lásìkò. Agbára láti di ife mú kò tíì lọ.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn máa ń gbà kojú àdánù yìí láìmọ̀, méjèèjì ló sì ní gbèsè nínú. Ọ̀nà kan ni kí ó máa tẹ gbogbo nǹkan mọ́ra ju bó ti yẹ lọ. Á di kálámù mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà, á fún abẹ́rẹ́ títí orí ìka á fi funfun, apá á máa ro ó títí dé ìgbúnwọ́, ìfúnpá inú ọrùn ọwọ́ á sì tún máa lọ sókè, torí fífún nǹkan pọ̀ láàárín ìka wà lára ohun tó ń gbé e lọ sókè. Ọ̀nà kejì ni kí ojú máa ṣe iṣẹ́ ìka. Ẹni tó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù lábẹ́ àgbọ̀n láìwò ó tẹ́lẹ̀ á wá dígí. Ẹni tó ń ka owó nínú àpò á kó gbogbo rẹ̀ síta. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà tó sì ń fi ìka mọ òkúta yàtọ̀ á tẹjú mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ja tẹ̀sùbáà á sọ iye tó ti kà nù, nítorí kò mọ ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ kan kọjá. Onídìrí kò lè ya irun sí mẹ́ta láìwo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí ṣì lè ṣeé ṣe, ó kàn ń falẹ̀ ni, ó sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gan-an sì ti wọ́n ní Maiduguri rí: lọ́dún 2021, lẹ́yìn tí àwọn agbésùnmọ̀mí wó òpó iná, oṣù lórí oṣù ni ìlú náà fi wà láìsí iná ìjọba. Ibì kan tún wà tí ojú kò lè ran ọwọ́ lọ́wọ́ rárá, ibẹ̀ sì ni abẹ́ aṣọ fìlà, níbi tí ìka òsì ti ń dúró de abẹ́rẹ́. Aránfìlà tí ìka òsì rẹ̀ ti kú á máa yí aṣọ wò lẹ́yìn ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó gún ara rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ sì ba aṣọ funfun jẹ́.

Agbára náà ń dín kù tó bá yá, mi ò sẹ́ ẹ. Ẹ̀ka kékeré kan lára median ló ń rán ẹran ìdí àtàǹpàkò níṣẹ́, ẹran yìí ló sì ń gbé àtàǹpàkò sókè kó lè dojú kọ àwọn ìka yòókù. Bí ìfúnpá bá pẹ́, ẹran náà á gbẹ, ìdí àtàǹpàkò tó yẹ kó yọ kùkù á tẹ́, ṣíṣí ìdérí ìgò àti yíyí kọ́kọ́rọ́ á di ìṣòro. Ṣùgbọ́n ìkẹyìn ni èyí máa ń dé, nǹkan pàtàkì kan sì wà níbí tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹran tó ń di ọwọ́ ní ìkúùkù, apá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, láàárín ìgbúnwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Iṣan tó ń rán an níṣẹ́ ti yà sí i kó tó dé ọ̀nà tóóró rárá. Nítorí náà aláìsàn lè fún ọwọ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ra títí onítọ̀hún á fi ké, kó gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì láti ibi ẹ̀rọ omi dé ilé, kó ro túwó nínú ìkòkò ńlá, síbẹ̀ kó má lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Bí a bá ní kó fún ọwọ́ wa mọ́ra, tó sì fún un dáadáa, tí a wá sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ibi tí àìsàn náà kò sí la yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, nítorí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ òṣìṣẹ́ gidi di ọ̀lẹ lẹ́nu àwọn tó yí i ká.

Kí wá ni kí a fi wọn ọwọ́? Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi iná díẹ̀ wo bí iṣan ṣe ń gbé ìròyìn kọjá ní ọrùn ọwọ́, ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti dá ẹjọ́ náà. Isam Atroshi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín àwọn ará gúúsù Sweden, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1999. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n bi, 14.4% ló ní ọwọ́ àwọn ń ro, ń kú tàbí ń ta níbi tí median dé. Nígbà tí dókítà yẹ̀ wọ́n wò, àìsàn náà dájú lára 3.8% àwọn ará ìlú. Nígbà tí wọ́n fi ti ẹ̀rọ kún un, ó ku 2.7%. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé nínú àwọn 125 tí nǹkan kan kò ṣe ọwọ́ wọn, ẹ̀rọ sọ pé iṣan àwọn 23 kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ẹ̀rọ ń sọ bí iṣan ṣe rí, kò sọ ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Ní 1993, ní Boston, David Levine àti àwọn mìíràn ti gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tó ń bi aláìsàn fúnra rẹ̀ bí ohun mẹ́jọ ṣe nira fún un tó: kíkọ̀wé, díde bọ́tìnnì, dídi ìwé mú láti kà, dídi fóònù mú, ṣíṣí ìgò, iṣẹ́ ilé, gbígbé àpò ọjà, ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀. Káàkiri ayé ni wọ́n ń lò ó báyìí. Mo gbà pé ìlànà yìí tọ́, àmọ́ ilé àwọn ará Boston ló ti jáde. Ní Maiduguri, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ ṣe rí gbọ́dọ̀ béèrè nípa abẹ́rẹ́, ẹ̀wà ṣíṣa, ìgbálẹ̀, búútà, omi fífà, irun dídì, àti ìkọ̀wé sórí wàláà. Àwọn kan á ní ẹnu aláìsàn kò ṣeé gbára lé, pé ó lè bù mọ́ ọn. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ fìlà kò ní èrè kankan nínú pé òun kò lè rán fìlà mọ́. Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni pé á fi í pamọ́ títí iṣẹ́ á fi bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó bá sì tọ́ka sí ohun kan pàtó, bí òwú bíbọ ojú abẹ́rẹ́, ṣeé fojú rí níwájú ẹni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àtakò tó le jù ni pé ọwọ́ kíkú kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo, òótọ́ sì ni. Làkúrègbé ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń bọ́ lẹ́nu wa. Robb la ó fi pa á, a ó sì ní ọjọ́ orí ni. Làkúrègbé ń mú oríkèé wú, ó ń mú un ro, kò sì ní yan ìka mẹ́ta kó fi ọmọńdinrín sílẹ̀. Rọpárọsẹ̀ máa ń dé lójijì, ó máa ń mú ẹnu tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà mọ́ ọwọ́. Ẹni tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ ní wàràwàrà. Àtọ̀gbẹ ń pa ìmọ̀lára, ẹsẹ̀ ló sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí iṣan ọrùn ọwọ́ tètè fara pa, ìdí nìyí tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kú fi gbọ́dọ̀ yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò. Ti ẹ̀tẹ̀ ló gba àlàyé jù ní Borno. Molai, lẹ́yìn ìlú Maiduguri, jẹ́ ibi tí wọ́n ti tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ láti ìgbà àwọn míṣọ́nárì, ìrántí ibẹ̀ ṣì ń dẹ́rù bani, a sì lè lóye ẹni tó bá fi ọwọ́ kíkú pamọ́ nítorí rẹ̀. Àrùn ẹ̀tẹ̀ kò tíì tán ní Nàìjíríà. Ó lé ní 1,000 aláìsàn tuntun tí wọ́n ń rí lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀gbẹ́ ìgbúnwọ́ ló sábà máa ń kọ lù ní ọwọ́, èyí tó lọ sí ọmọńdinrín, òdìkejì ohun tí à ń sọ. Ojú àpá kan sábà máa ń wà lára awọ, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí, tí kò gbọ́ ìfọwọ́kàn, iṣan a sì máa wú débi tí a lè fọwọ́ bà á. Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń wò ó sàn. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, fífi í pamọ́ ni kò dára.

Àwọn mìíràn á sọ pé àìsàn àwọn tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ni, kí ló kàn án pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti omi fífà? Ìwádìí kò tilẹ̀ ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Ní Denmark, níbi tí wọ́n ti tẹ̀lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọdún kan, èsì tó jáde lọ́dún 2003 ni pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ewu ńlá fún àìsàn yìí. Ohun tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn ni lílo agbára àti ṣíṣe ohun kan náà lemọ́lemọ́, nígbà tí méjèèjì bá pàdé. Barbara Silverstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ 652 wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i lọ́dún 1987 pé àwọn tí iṣẹ́ wọn gba agbára púpọ̀ tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe lemọ́lemọ́ ní ewu tó ju ìlọ́po 15 ti àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ní méjèèjì. Gbígbọ̀n irin lọ́wọ́ náà wà níbẹ̀. Ìjọba Borno fòfin de ọ̀kadà ní Maiduguri lọ́dún 2011, kẹ̀kẹ́ NAPEP ló sì gba ojú pópó. Awakọ̀ rẹ̀ ń fi ọwọ́ òsì fún kílọ́ọ̀ṣì, ó ń lọ́ jíà pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ kan náà, irin sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí alẹ́. Síbẹ̀ n kò ní sọ pé iṣẹ́ nìkan ló ń fà á. Ìwádìí kan lórí àwọn ìbejì obìnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 2002, fi hàn pé bí ìdajì ohun tó mú àwọn obìnrin yàtọ̀ síra nínú níní àìsàn yìí ló jẹ́ àjogúnbá. Obìnrin ń ní in ju ọkùnrin lọ, àárín 40 sí 60 ọdún ló pọ̀ jù, oyún, sísanra jù àti àìṣedéédéé ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọ̀nà ọ̀fun, èyí tí gẹ̀gẹ̀ ń gbà yọ, ń dá kún un. Aránfìlà méjì lè jókòó lórí ẹní kan náà fún 20 ọdún kí ọwọ́ ẹnì kan kú kí ti èkejì má kú. Iṣẹ́ lè má jẹ́ orísun àìsàn, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu ohun tí àìsàn náà máa ná ènìyàn. Orí ìka tó kú díẹ̀ lè má ju ìdààmú kékeré lọ fún ẹni tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù. Oúnjẹ ọmọ ni fún ẹni tó ń rán fìlà. Láti ìgbà tí rògbòdìyàn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, àìmọye obìnrin ló ti sá wá sí Maiduguri láìsí oko, láìsí ẹran ọ̀sìn, fìlà rírán sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Fún wọn, kò sí iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀ tí wọn yóò yí sí.

Ìyẹn náà ló mú kí ìmọ̀ràn tí ó kàn sọ pé kí wọ́n sinmi má wúlò. Ohun tó kéré jù tó sì dára láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, òru ni wọ́n ń lò ó, kò sì dí iṣẹ́ ọ̀sán lọ́wọ́: ohun ìdè pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ nígbà tí a bá sùn. Àwọn onífisiotẹ́rápì ní ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tó wà ní University of Maiduguri Teaching Hospital, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó wà ní títọ́, torí èyí tó bá tẹ ọwọ́ sẹ́yìn jù á dá kún ìpalára. Abẹ́rẹ́ steroid tí dókítà tó mọ ibẹ̀ bá gún sí ọrùn ọwọ́ máa ń yára mú ìtura wá, ó kàn lè má pẹ́. Nígbà tí oyún bá fà á, ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Netherlands, tó jáde lọ́dún 2002, fi ohun ìdè wé iṣẹ́ abẹ láàárín ènìyàn 176. Lẹ́yìn oṣù 3, 54% nínú àwọn tó lo ohun ìdè ló ní àwọn ti gbádùn, 80% nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn oṣù 18 ó di 75% àti 90%, ṣùgbọ́n nígbà yẹn 41% àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun ìdè ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun ìdè ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, kò ran gbogbo wọn, ẹni tí kò bá ràn lọ́wọ́ láàárín oṣù díẹ̀ kò yẹ kó máa dúró.

Ìbẹ̀rù iṣẹ́ abẹ máa ń pọ̀, wọ́n á ní bí wọ́n bá ti ge iṣan, ọwọ́ ti rọ nìyẹn. Wọn kì í ge iṣan ìmọ̀lára, wọn kì í sì í ge okùn iṣan tó ń fa ìka. Ẹran líle tó bo ọ̀nà náà lókè ni wọ́n ń là, kí ọ̀nà lè ráyè. Èrò náà ti pẹ́ gan-an: lọ́dún 1913 ní Faransé, lẹ́yìn tí Pierre Marie àti Charles Foix ti ṣí ọwọ́ òkú kan wò tí wọ́n rí ibi tí iṣan ti wú ṣáájú ọ̀nà tóóró náà tó sì tínrín nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé bóyá bí wọ́n bá ti là á láyé onítọ̀hún, ọwọ́ rẹ̀ ìbá má gbẹ. Lóde òní, abẹ́rẹ́ akunra ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń gún, aláìsàn á wà lójúfò, á sì sábà máa lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ewu kékeré wà, bíi ti iṣẹ́ abẹ gbogbo, àtẹ́lẹwọ́ á sì máa ro fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìkúùkù kò ní le bíi ti tẹ́lẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 3. Oorun ló ń kọ́kọ́ padà, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìmọ̀lára orí ìka ń padà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, bí iṣan kò bá tíì bàjẹ́ púpọ̀. Ẹran ìdí àtàǹpàkò tó ti gbẹ lè má padà mọ́ rárá. Nítorí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò máa bi obìnrin tó bá wá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oyún kò gùn rárá: ṣé ọwọ́ ń jí i lóru, ṣé ó ṣì ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ ló ń bá a tì í? Bó bá jẹ́ ọmọ ló ń bá a tì í, tí ìṣòro náà kì í sì í ṣe ti ojú, kí wọ́n wo ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó jẹ́ kó máa lọ.